Ojú Kan Tí Gideon Fi Pamọ́ De Aṣọ́bodè

Bí ẹ bá dé Iloffa tí ẹ sì fẹ́ gẹ irun, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi léèrè á tọ́ka ṣọ́ọ̀bù Gideon Àbáyọ̀mí sí yín. Ẹnì kejì á kìlọ̀ fún yín pé bí ẹ bá ń kánjú, kí ẹ gba ibòmíràn lọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ Gideon falẹ̀ o. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló le. Níbòmíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gẹ̀. Lọ́dọ̀ Gideon, tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri, ẹ̀rọ géèmù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, páàdì méjì sì so mọ́ ọn bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan. Bí èèyàn méjì bá ń dúró, wọn á jà á níbẹ̀. Ẹni tó bá borí ló ń jókòó sórí àga. Akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì ìjọba jókòó síbẹ̀ rí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí aago kan ọ̀sán fi lù, tí gbogbo ẹni tó wọlé ń nà án bí ẹni ń na aṣọ létí odò. Nígbà tó dìde, ó ní irun òun ò tíì gùn tó bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìjà inú géèmù ọ̀hún kì í ṣe ìjà kékeré. Ilé iṣẹ́ méjì kan wà lókè òkun tí wọ́n ń tẹ ìwé àwòrán, tí kálukú wọn sì ní àwọn akọni tirẹ̀: àwọn tó ń fò, àwọn tó ń tu iná, àwọn tí ṣòkòtò fún mọ́ lára débi pé bí ìyá Gideon bá gbé oúnjẹ wá fún un, ẹ̀yìn ló máa ń fi wọlé. Nínú ìwé, àwọn akọni ilé iṣẹ́ kìíní kì í pàdé ti èkejì. Ọ̀tọ̀ layé tiwọn, ọ̀tọ̀ layé tàwọn yẹn. Inú géèmù yìí nìkan ni wọ́n ti da ayé méjèèjì pọ̀, pé kí wọ́n jà á tán kí aráyé lè sinmi àríyànjiyàn. Orúkọ òyìnbó ló wà lára páálí rẹ̀. Ìjà Ayé Méjì ni wọ́n ń pè é ní Iloffa.

Akọni kan ṣoṣo ni Gideon ń mú nínú gbogbo wọn. Ọkùnrin kan ni, ó sanra, ó ti gbó, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Aṣọ búráùn ló wọ̀. Nínú ìwé tó ti wá, bodè ìlú kan ló ń ṣọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Aṣọ́bodè. Kò lè fò, kò ní iná, kò ní nǹkan kan àyàfi ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá kan tó so mọ́ ìdí, tó ń dún ṣaworo, ṣaworo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Òun ló fi ń jà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń mú un ní gbogbo Iloffa.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” Damaris àbúrò rẹ̀ máa ń sọ, “nínú gbogbo èèyàn tó ń fò kiri, mẹ́gáàdì lẹ lọ mú.”

“Mẹ́gáàdì tó ń nà yín.”

“Ó jọ yín ni. Ẹ ṣáà wo ikùn yẹn.”

Damaris yìí, òun ni àbígbẹ̀yìn ilé wọn, aṣọ ló ń rán nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í fi Gideon ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń gẹ orí èèyàn ńlá, á yọjú lójú fèrèsé, á ní, “Ẹ rọra o, bàbá yìí ò ní irun mìíràn.” Gideon kì í bínú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì gbéyàwó, ó ní bí òun bá ti gbọ́ ti ẹnu Damaris tán lójúmọ́, etí òun ti kún.

Ẹnì kẹta tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Ọlánípẹ̀kun, tíṣà ìṣirò kan ní Osi. Gbogbo Sátidé ló máa ń gun ọ̀kadà wá sí Iloffa, yálà irun rẹ̀ kún tàbí kò kún. Ọmọge Mànàmáná lòun máa ń mú, obìnrin kan láti ayé kejì tó ń sán àrá bí ẹni ń sín. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Tíṣà fi ń ja Gideon, kò sì fún un ní ìjà kan lọ́fẹ̀ẹ́ rí. “Ọ̀rẹ́ ni wá,” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, “ṣùgbọ́n n ò sọ pé ọ̀rẹ́ mẹ́gáàdì ni mí.”

Báyìí ni ayé ṣe ń lọ kí ọ̀rọ̀ ojú tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún yọ́ wọlé ni. Oníbàárà á gba ọ̀tún wọlé, á kí Gideon, Gideon á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà. Ó ń fi èjìká kọ lu ilẹ̀kùn. Damaris ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, ó sì rí i bí eré. Á gbé kóòmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí apá ọ̀tún, níbi tó ti mọ̀ pé kò ní rí i, á wá fara ti ògiri máa wò ó bó ṣe ń fọwọ́ wá a kiri orí tábìlì.

“Damaris, o ti gbé kóòmù mi.”

“Èmi kẹ̀? Ó wà níwájú yín ńbẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ẹran ni, ṣé ẹ ò ní rí i?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Gideon náà á rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí òrùka aláwọ̀ mèremère tó yí iná ká, bí òṣùmàrè kékeré. Orí ń fọ́ ọ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ohun tó fà á. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. “Àpótí yìí ni. Ó ń fa ojú ẹ mu bí ejò ṣe ń fa ẹyin mu. Uṣẹ́ tó o ń ṣe ò pa ẹ́ lójú, eré tó o ń ṣe ló fẹ́ fọ́ ọ lójú.” Àwọn aládùúgbò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ń ba ojú jẹ́? Gideon alára gbà.

Ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ ìkórè ni wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Kálukú á gbé ohun tó kórè wá síwájú pẹpẹ, á sọ ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì sọ ohun tí òun náà yóò ṣe títí ìkórè mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ gbé iṣu wá, wọ́n gbé ọsàn, wọ́n gbé adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Gideon kò ní oko. Ó yọ páàdì méjèèjì lára ẹ̀rọ, ó fi aṣọ funfun wé wọn, ó tẹ́ wọn sáàárín iṣu. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan géèmù, òun ò sì ní wò ó, títí ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣáà wo ojú òun sàn.

Wòlíì, bàbá arúgbó tí ìgò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife, wo ìdì funfun náà, ó wo Gideon.

“Ọlọ́run ti gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí o lọ rí dókítà ojú n’Ílọrin pẹ̀lú.”

“Wòlíì, bí mo bá lọ, ṣé kò ní dà bí ẹni pé n ò gbà á gbọ́?”

“Èmi tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ lóòjọ́,” ni Wòlíì wí, ó fọwọ́ kan ìgò ojú rẹ̀, “tèmi rè é.”

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Gideon kò lọ. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù lé ẹnì kan lórí, ni ó rò, kì í tún lọ pe alábàárù mìíràn lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn o. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ san án pé.

Kò pé oṣù méjì sígbà náà tí Tíṣà fi sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́. “Gideon! Wọ́n fẹ́ gbé apá kejì jáde! Ìjà Ayé Méjì, apá kejì! Wò ó, àwòrán rẹ̀ ti...”

Gideon fi tówẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo ojú, tòun ti irun oníbàárà tó wà lára rẹ̀. “Má fi hàn mí! Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́.”

“Fóònù ni, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.”

“Má fi hàn mí, má sì sọ fún mi. Títí ìkórè, ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí.”

Ó dúró báyẹn, tówẹ̀lì lójú, oníbàárà lórí àga pẹ̀lú ìdajì irun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣáà sọ ẹyọ kan. Aṣọ́bodè wà ńbẹ̀?”

“Wọn ò tíì ka orúkọ gbogbo wọn.”

“Ó dáa. Má sọ mọ́.”

Ẹ wá wo ọdún yẹn. Wọ́n ta aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Gideon ń bu omi àdúrà sójú láàárọ̀, ó ń gẹ irun, ó sì ń fi Aṣọ́bodè mú ara rẹ̀ lọ́kàn le: bí ìkórè bá dé, ojú á ti mọ́, apá kejì á ti jáde, òun á jókòó ti Tíṣà, òun á sì fojú òun rí ohun tí wọ́n fi kún ìjà ọkùnrin náà. Bóyá wọ́n á fún un ní ọ̀pá. Bóyá wọ́n á jẹ́ kó sáré díẹ̀. Ó ń rò ó bí èèyàn ṣe ń ro oúnjẹ ọdún. Nígbà tó bá ń gẹ orí, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rìn lórí awọ, tí kílípà ń tẹ̀ lé e. Àwọn oníbàárà rò pé ọ̀nà tuntun ni. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹfà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀jẹ́ náà kò tíì pé.

Ní oṣù kẹwàá, ó gé ènìyàn létí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ọrùn aṣọ. Oníbàárà náà kígbe, Damaris sáré wọlé, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bẹ ògiri, tó ń sọ fún ògiri pé, “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” nígbà tí ẹni tó gé wà lódìkejì. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ilọrin: Gideon, ìyá rẹ̀, àti Damaris.

Dókítà náà ò dàgbà púpọ̀, Ameerah lorúkọ rẹ̀. Ó tan iná sójú Gideon, ó gbé ẹ̀rọ kan sí i, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá jókòó.

“Ìgbà wo lẹ ti ń rí òrùka yí iná ká?”

“Ó ti lé lọ́dún kan, Dókítà.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“Mo jáwọ́ nínú géèmù.”

Dókítà wò ó. “Géèmù?”

“Òun ló ń fa ojú mi mu. Mi ò fọwọ́ kàn án láti ìkórè èṣí.” Bó ṣe sọ ọ́, ó gbé àyà sókè díẹ̀, bí ẹni tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá, “géèmù kọ́ ló fà á. Omi tó wà nínú ẹyinjú yín ló ń fún ojú náà pọ̀ ju bó ti yẹ, ó ń pa iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú orí. Bí ẹ ń ṣe géèmù, bí ẹ ò ṣe é, bó ṣe máa rí nìyí. Oògùn wà tí à bá ti fi dá a dúró nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí òrùka yẹn. Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì, ó ku ìríran díẹ̀ láàárín. Oògùn tí mo máa fún yín á gbìyànjú láti dì í mú.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀.”

Ìyá Gideon ní kí Dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ. Damaris, tí kò sí ibi tó jókòó sí rí tí kò ti rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́, wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ń gbé kóòmù.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ti ń sún mọ́ ilé, ni Gideon tó lanu. “Ẹ rí i,” ló wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò tán, “ọdún tí mo fi ríran kẹ́yìn ni mo fi bo tẹlifíṣọ̀n.” Ìyá rẹ̀ gbé gèlè bo ẹnu.

Apá kejì ti jáde nígbà yẹn. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò lè gbé e. Tuntun ni wọ́n ní láti lò. Japhet, àkọ́bí ilé, tó wà l’Ábùjá, ní òun á gbé ẹ̀rọ tuntun pẹ̀lú géèmù náà bọ̀ nígbà tí òun bá ń bọ̀ wá sìnkú àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n ti fi sí oṣù Kejìlá. Bí Gideon ṣe di ẹni tó ń ka ọjọ́ ìsìnkú lórí ìka nìyẹn, bí ọmọdé tó ń ka ọjọ́ Kérésìmesì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje.

Ó pe Tíṣà. “Ẹ̀jẹ́ ti yí padà,” ló wí. “Sọ fún mi wàyí. Aṣọ́bodè wà ńbẹ̀?”

Tíṣà wúkọ́. “Àwọn wo ló máa fi í sílẹ̀? Ìwọ náà!”

Gideon fi ìyẹn ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti mú aṣọ dúdú kan, ó fi di ojú òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ríran. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí i, kí Damaris lè kán oògùn sí i, á sì tún dì í padà kíá. Ó ń fi ojú náà pamọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀ o,” ni Damaris wí. “Ojú kì í ṣe bátìrì.”

“Bàbá wa ò ha jẹ́ àgbẹ̀ ni? Ìgbà ìyàn yòówù kó dé, ṣé o rí i tó jẹ iṣu èbù rí? Ó máa ń dì í sínú àká títí ìgbà gbígbìn á fi dé.”

“Iṣu nìyẹn.”

“Nǹkan tí èèyàn ò bá nà ní í kù.”

Damaris ló wá ń mú un lọ́wọ́ lọ ilé ìwẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ, á ní, “Kòtò rè é, ẹ fò ó,” Gideon á fò sókè gàgàrà, kò sì ní sí kòtò kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é, ẹ̀rù bà á bóyá òun ti ṣe àṣejù. Gideon ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú òun ni òun á mọ̀ pé òun ti fọ́jú.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò sọ fún un. Bí ó bá ṣí aṣọ náà fún oògùn, ojú tí ó ń fi pamọ́ ń kéré sí i. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó rí gbogbo ojú Damaris. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rí imú àti ẹnu. Ìkórè dé láàárín. Wòlíì gbé ìdì funfun náà padà fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí. Lọ́sẹ̀ kẹfà, igo oògùn nìkan ni Gideon rí, kò rí ọwọ́ tó dì í mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sìnkú. Lọ́sàn-án Sátidé, Japhet gbé ẹ̀rọ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó so wáyà gbogbo pọ̀, ó ní àwọn àlejò ń pe òun, ó bá jáde kánkán. Gideon gbọ́ ọ lẹ́yìn fèrèsé tó ń fun imú. Tíṣà ti dé láti Osi. Ìyá wọn gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n.

Orin géèmù náà bẹ̀rẹ̀. Ìlù ńlá, fèrè, ariwo bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Gideon tú aṣọ dúdú.

Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì dùn ún. Ohun tó kù fún un kò ju fífẹ̀ kọ́bọ̀ kan lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èéfín. Ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí adìyẹ tó rí ọkà. Ó rí pupa. Ó rí èjìká kan. Ó rí nǹkan tó lè jẹ́ ìyẹ́.

“Ojú wọn ni wọ́n tò síbẹ̀,” ni Damaris wí, “wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí ẹ̀wà lójú atẹ. Ẹ fún mi ní páàdì, kí n bá yín wá a.”

Ó fún un. Bí Damaris ṣe ń kọjá lórí akọni kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń dún tó, tó, tó. Gideon ń kà á lọ́kàn. Damaris yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra ń lọ. Ó dúró. Tíṣà wúkọ́.

“Ó wà o!” ni Damaris pariwo. “Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tì í sí, ní kọ̀rọ̀, bí mẹ́gáàdì tó jẹ́. Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ nà wọ́n.”

Ìyá wọn ní, “Ògo!”

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Gideon tẹ páàdì kí ọkùnrin náà rìn síwájú, ó sì ń dúró de ṣaworo, ṣaworo yẹn. Kò gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ kan tó fúyẹ́ ló gbọ́, tó ń ta pọ́ún pọ́ún bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹran. Ó tẹ ohun tí í máa tẹ̀ kí Aṣọ́bodè fi kọ́kọ́rọ́ gbá èèyàn láyà. Ẹni náà tú omi jáde.

“Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́?” ni Gideon béèrè.

“Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀,” ni Damaris dáhùn, kò tilẹ̀ mí. “Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń gba pẹ́ńṣàn báyìí.”

“Ó wá fúyẹ́ báyìí?”

“Ẹ ò rí i pé wọn ò tètè san pẹ́ńṣàn ọ̀hún ni? Ó ti rù.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Gideon tún yí orí, ó fi kọ́bọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá ènìyàn náà kiri nínú ìjà. Ó bá apá kan pàdé. Apá tín-ín-rín ni, aṣọ aláwọ̀ aró ló wà lára rẹ̀.

Ó tún ṣàkíyèsí ohun kejì. Àrá kò sán. Ọmọge Mànàmáná dúró gbọnin gbọnin níbi kan, ó ń gba ẹ̀ṣẹ́. Tíṣà tí kò fún un ní ìjà kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún mẹ́fà.

Gideon borí. Damaris fò sókè, Tíṣà ní “Ó pa mí o!”, ìyá wọn dìde lórí àpótí, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin ọpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ mi rí i! Ojú ọmọ mi rí i!” Ó ti ju ọdún kan lọ tí Gideon ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ó sì fi ọwọ́ náà sókè títí ìyá rẹ̀ fi kọrin jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Nígbà náà ló gbé páàdì lélẹ̀.

“Damaris, padà síbi tí ojú wọn wà. Ka orúkọ wọn fún mi, láti orí dé ìsàlẹ̀.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tún ja ọ̀kan...”

“Kà á.”

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ le ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé bí ogún, ó ń gbọ̀n. Méjìdínlógójì ni wọ́n, Gideon sì gbọ́ gbogbo wọn, kò dá ẹyọ kan dúró.

“Kò sí ńbẹ̀,” ni Gideon wí.

“Kò sí, Bọ̀ọ̀dá.”

“Tíṣà, o mọ̀?”

“Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde,” ni Tíṣà wí. “Àwọn tó ṣe é ní àwọn wo ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó ń mú un. Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ nìyẹn.”

“Èmi ń mú un.”

“Wọn ò mọ̀ ẹ́, Gideon.”

Gideon mi orí, ó mì í títí. Ó gbé aṣọ dúdú náà láti orí itan rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi jókòó nínú òkùnkùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró de ẹni tí kò bọ̀. Ó ti jẹ èbù náà tán láìgbìn ín. Kò sì sí ẹni tó lè bá jà lórí rẹ̀: kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe Wòlíì, kì í ṣe àwọn òyìnbó tó ń wo ìwé.

“Gbé páàdì,” ló sọ fún Damaris. “Ìwọ àti Tíṣà, ẹ jà á. Tíṣà, bí o bá tún fi ìjà tọrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, màá gé etí ẹ. O mọ̀ pé mo lè gé e.”

Damaris jókòó. Ìjà bẹ̀rẹ̀, àrá sì sán gidi. Gideon fọwọ́ ti àga rẹ̀, ó yí i kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n títí ó fi dojú kọ àbúrò rẹ̀. Ó rọra wá a kiri pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù. Ó bá yẹtí kan. Ó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó bá imú, ó dúró síbẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń wò?” ni Damaris béèrè, kò yíjú.

“Ìwọ ni.”

“Ẹ yéé fi ojú ṣòfò, ẹ wo ìjà.”

“Imú ẹ tóbi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.”

“Ti yín náà ni. Bàbá kan náà ló pín in fún wa.”

Tíṣà ń nà án. Omi ń dà lójú Damaris, kò lè nù ún, nítorí páàdì gba ọwọ́ méjèèjì. Gideon gbé kọ́bọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí imú, ó gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ojú, ó sì fi í síbẹ̀, kò ṣẹ́jú, títí tí àkókò oògùn fi tó.